Ìwé Tí O Ní Kí N Fọwọ́ Sí Nítorí Owó Orí

Kaneshie, Àkrà
Ọ̀sán Ọjọ́rú

Ràmọ́tù Àjọkẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ tuntun náà ń lọ bó ṣe yẹ? Ara èmi àti ìyá rẹ le, àfi orúnkún mi tó ń yọ mí lẹ́nu tí mo bá fẹ́ dìde lórí ìrun. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé kí o máa jẹun lásìkò, pé owó oṣù tó ga kì í ṣe oúnjẹ.

Mo mọ̀ pé bí o ṣe ń gbọ́ Yorùbá tó, kíkà rẹ̀ kì í yá ọ lára. Ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi kọ èyí ní Yorùbá. Mo fẹ́ kí o rọra kà á, kí o máa fi ìka tẹ̀ lé e bí o ti máa ń ṣe ní ọ̀sán Sátidé nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje, tí mo ń kọ́ ọ ní a-bí-dí lórí àga gígùn iwájú ilé, tí o sì ń bi mí pé, "Bàbá, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi ní àmì lórí, tó tún ní lábẹ́?" Àwọn ọjọ́ yẹn dùn mọ́ mi ju bí o ṣe rò lọ.

Ìwé tí o fi ránṣẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. N kò fọwọ́ sí i, n kò sì ní fọwọ́ sí i. Mo dá a padà nínú àpò ìwé yìí kan náà. Jọ̀wọ́, má bínú títí o fi máa kà á tán.

Ohun tí o sọ lórí fóònù yé mi dáadáa. O ní owó oṣù rẹ ti ga báyìí, pé ìjọba ti ń yọ tiwọn kí ó tó dé ọwọ́ rẹ. O wá fi èyí tó kù ra ilé mẹ́ta, o fi ayálégbé sí i, o tún ra ìpín nínú ilé iṣẹ́ kan tó ń pín èrè lọ́dọọdún. Ìjọba ní àwọn fẹ́ nínú owó ilé, àwọn fẹ́ nínú èrè. "Bàbá, owó kan náà ni wọ́n ń bù lẹ́ẹ̀mejì! Bí mo ṣe ń ṣe dáadáa sí i ni wọ́n ń bù ú sí i." Lẹ́yìn náà ni o rẹ ohùn sílẹ̀, o ní ẹnì kan níbi iṣẹ́ yín ló gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o fi àwọn ilé àti ìpín náà sí orúkọ mi, torí pé wọn kò ní yẹ arúgbó tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ wò. "Ìfọwọ́sí lásán ni, Bàbá. Gbogbo wọn ló ń ṣe é."

Ràmọ́tù, èmi náà ti ṣe é rí. Ilé tí a tọ́ ọ dàgbà nínú rẹ̀ yìí ni mo fi ṣe é. Ayálégbé lo mọ̀ wá sí, o sì rò pé ilé bàbá Àǹtí Dédé ni. Èmi ni mo kọ́ ọ. Gbogbo búlọ́ọ̀kù tó wà lára rẹ̀, owó mi ló rà á.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Jamestown, létí òkun Àkrà níbí. Mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìjọba ayé ọjọ́un ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ. Bàbá àti ìyá mi di ẹrù, wọ́n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi mí sílẹ̀ kí n lè parí ìwé mi. Sàbítíù lorúkọ rẹ̀, Ìyá Sàbí ni gbogbo èèyàn ń pè é. Òun kò kó lọ ní tirẹ̀, torí pé ó ti fẹ́ apẹja kan láti inú ẹ̀yà Gàá tó ni ìlú Àkrà, Bàbá Kwéì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù kí wọ́n tó fi ìyàwó fún un. Ẹja ni Ìyá Sàbí ń yàn létí òkun, kò jìnnà sí ilé gogoro tó ń tanná fún ọkọ̀ ojú omi.

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn èéfín ẹja níbikíbi, ẹsẹ̀ mi á dúró fúnra rẹ̀. Èéfín yẹn wà nínú aṣọ ilé ìwé mi, ó wà nínú ìwé mi, àwọn ọmọ kíláàsì mi a sì máa pè mí ní Álátà Eléèéfín, torí Álátà ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. N kò bínú. Bí mo bá ti dé láti ilé ìwé, Ìyá Sàbí á bó ewé àgbàdo kúrò lára kẹ́nkẹ́ gbígbóná, á fi orí ẹja lé e pẹ̀lú ata lílọ̀, á ní, "Jẹun, Múfútáù, kí o wá ka ohun tí wọ́n kọ́ ọ fún mi." Kò mọ ìwé kà. Ṣùgbọ́n á jókòó, á gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Dédé, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, á wà lẹ́yìn mi, torí pé èmi ni mo ń pọ̀n ọ́n tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ bá dí.

Ohun kan wà tí àwọn oníbàárà mọ̀ ọ́n mọ́. Abọ́ méjì ló máa ń gbé síwájú. "Èyí tàná nìyí, èyí tòní nìyí." Àwọn tó kù létí òkun máa ń da méjèèjì pọ̀. Òun kò dà á pọ̀ rí.

Mo dàgbà, mo gba ṣọ́ọ̀bù sí Túdù. Mílíìkì inú agolo, ṣúgà, sáàdínì, ọṣẹ. Áà, Túdù ìgbà yẹn! Kí n tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, àwọn obìnrin tó ń kó ọjà lọ sí Aflao ní ibodè Tógò á ti tò síwájú ilé, àwọn dírẹ́bà á máa fọn fèrè, Alájì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì á máa kí mi ní Haúsá, èmi á máa dá a lóhùn ní Yorùbá, a ó jọ máa rẹ́rìn-ín. Owó wọlé fún mi nígbà yẹn ju bí ó ṣe ń wọlé fún ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ mi. Mo ra ilẹ̀ sí Kaneshie, mo kọ́ ilé alájà kan lé e, yàrá mẹ́wàá. Èmi àti ìyá rẹ gba òkè, a fi ayálégbé sí ìsàlẹ̀. Òkè yẹn ni wọ́n ti sọ ìwọ lórúkọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Túdù ló sọ fún mi pé, "Má fi ilé yẹn sí orúkọ ara rẹ o. Wọ́n á ka owó ilé mọ́ owó ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á di ẹrù owó orí lé ọ lórí. Wá ẹnì kan tí kò ní nǹkan kan lórúkọ." Ẹni tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ẹni tó tọ́ mi.

Ìyá Sàbí gbé ìwé náà wò bí ẹni ń wo ẹja tí kò dá lójú. "Ṣé kò ní mú wàhálà wá?"

"Ìwé lásán ni, Màmá," ni mo wí.

Ó tẹ ìka rẹ̀ sí i.

Kò pé ọdún méjì tí àwọn òṣìṣẹ́ owó orí ń kọ orúkọ àwọn onílé ní Kaneshie kiri. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Mo tẹ̀ lé e lọ. Ọkùnrin onígíláàsì kan ló jókòó nídìí tábìlì, kò pariwo, kò sì halẹ̀ mọ́ wa. Gàá ló fi bá a sọ̀rọ̀.

"Màmá, ṣé ilé yín ni?"

Ìyá Sàbí wò mí. Èmi wo bàtà mi.

"Ilé mi ni."

"Níbo lẹ ti rí owó kọ́ ọ?"

"Ẹja ni mo ń yàn."

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tí iná ti jó níbi púpọ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ní kí ó san, torí pé arúgbó ni. Inú mi dùn. Mo gbà pé mo gbọ́n.

Nígbà tí a jáde, ó jókòó sórí àga ẹni tó ń ta kẹ́nkẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Mo ní, "Ẹ ṣé o, Màmá. Ẹ bá mi ṣe é."

Ó ní, "Mi ò bá ọ ṣe é, Múfútáù. Èmi ni mo ṣe é. Ẹnu mi ni irọ́ yẹn ti jáde."

Láti ọjọ́ yẹn, kò wọ ilé yìí mọ́. Ó ń fi ẹja rán Dédé sí wa, ó ń kí ìyá rẹ, ó ń ṣàdúrà fún ìwọ tó o ṣì kéré, ṣùgbọ́n kò gun àtẹ̀gùn yẹn mọ́ títí ó fi kú. Mo ń tan ara mi pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ nìyí, Àjọkẹ́ mi: má ṣe fi ohun tó jẹ́ tìrẹ sí orúkọ ẹni tó fẹ́ràn rẹ. Ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ kò ní gbà. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ á gbà, yóò sì di ẹrù tí kò ní lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá pè mí lọ́la láti wá ṣàlàyé ibi tí arúgbó bíi tèmi ti rí ilé mẹ́ta, ṣé ìwọ á fẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi kí o gbọ́ ohun tí mo máa sọ?

Ìkejì ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú Ìyá Sàbí.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọ́ nígbà náà. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Áfáà wa, bàbá Ìlọrin kan tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kéú ní àdúgbò náà láti ìgbà tí mo wà ní kékeré, kó ẹbí jọ láti pín ohun tí olóògbé fi sílẹ̀. Ìkòkò, àdògán tí ó fi ń yan ẹja, aṣọ mélòó kan. Áfáà béèrè bóyá nǹkan mìíràn wà. Dédé gbójú sókè, ó ní, "Ilé kan wà ní Kaneshie."

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Áfáà ní, "Múfútáù, ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù. Ilé yẹn ńkọ́?"

Mo ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹbí kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba jókòó síbẹ̀, ohun tí mo sì ń rò ni pé bí mo bá pè é ní tèmi, wọ́n á béèrè owó orí gbogbo ọdún tó ti kọjá lọ́wọ́ mi, wọ́n á wo ìwé ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á tì í. Mo ní, "Ilé Ìyá ni."

Báyìí ni mo ṣe fi ẹnu ara mi yọ̀ǹda ilé tí mo kọ́. Ìyá rẹ kò bá mi jà. Ó kó ẹrù wa sọ̀ kalẹ̀ láti òkè sínú yàrá méjì ìsàlẹ̀, ó fọ ilẹ̀ ibẹ̀, ó gbé oúnjẹ kaná. Láti ọjọ́ yẹn la ti ń san owó ilé fún Dédé. Ìyá rẹ kò sọ ọ́ sí mi létí rí, àní nígbà tí a bá ń jà lórí nǹkan mìíràn. Bí ọkọ rẹ bá mú irú sùúrù bẹ́ẹ̀ fún ọ lọ́jọ́ iwájú, mọ̀ ọ́n lóore.

Mo tọ Áfáà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo jẹ́wọ́ fún un. Mo ṣe àwíjàre fún ara mi, mo ní, "Áfáà, mo ń yọ sàká mi lọ́dọọdún. Ṣé ìyẹn kò tó?"

Ó ní, "Sàká jẹ́ ti Ọlọ́run àti ti aláìní. Ọ̀nà tí mọ́tò ọjà rẹ ń gbà, ta ló ṣe é? Ilé ìwé tí o lọ ní Jamestown, ta ló ń sanwó fún olùkọ́ ibẹ̀? Padà lọ sọ òótọ́ lọ́fíìsì, kí o wá gba ilé rẹ, àbí kí o fi ilé sílẹ̀ kí o sì dákẹ́. Méjèèjì kò lè jẹ́ tìrẹ."

Mo fi sílẹ̀, mo sì dákẹ́. Ẹ̀rù ló mú mi dákẹ́, n kò ní pè é ní sùúrù.

Mo ti fẹ́ máa kà á ní ìkẹta, ìkẹrin, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò gbà kí n tò ó bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbà wọ́n bí wọ́n ṣe ń wá.

Má rò pé mo ní kí o máa fún ìjọba ní ohun tí òfin kò ní kí o fún wọn. Ohun tí òfin fi sílẹ̀ fún ọ, mú un láìtijú. Sanwó fún akáwǹtáǹtì gidi tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibi iṣẹ́ yín. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: èwo nínú èrè ìpín mi ni wọ́n ti yọ owó orí rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi? Èwo ni ó yẹ kí èmi fúnra mi lọ sọ? Èwo nínú ìnáwó ilé ni òfin gbà kí n yọ? Bí owó ilé bá wọlé, ya ti ìjọba sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ojú rẹ má baà mọ́ ọn. Ohun tó ń dun èèyàn nínú owó orí ni pé a ti máa ń ná an lọ́kàn wa kí wọ́n tó wá béèrè rẹ̀.

Nípa bí wọ́n ṣe ń bù ú sí i bí o ṣe ń ṣe dáadáa sí i, òótọ́ ni, ó ń dunni. Gọ́tà iwájú ilé wa ṣì ń kún bí òjò bá rọ̀, ìwọ náà mọ̀. Bínú sí i. Kọ̀wé sí wọn, fi ìbò rẹ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pa owó rẹ̀ mọ́ kò lè pariwo nípa gọ́tà. Èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé bí àwọn aráàdúgbò bá ń kọ̀wé ẹ̀sùn, èmi kì í lè fi orúkọ mi sí i. Mo máa ń wá ohun kan lọ ṣe.

Ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ju ìyá rẹ lọ ló kù.

Nígbà tí ìwé rẹ dé, mo gbé e lé orúnkún, mo rí ibi tí o fi ìlà sí fún orúkọ mi, ojú Ìyá Sàbí sì wá sí mi lọ́kàn. Ní ọjọ́ Ẹtì, bí mo ti ń ti Jímọ̀ bọ̀, n kò yà sí yàrá wa. Mo gun àtẹ̀gùn lọ bá Dédé. Ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. O mọ̀ ọ́n, Gàá ló pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kì í ya "ẹ" sọ́tọ̀ kúrò lára "o".

Mo ní, "Dédé, ilé yìí kì í ṣe ti Màmá."

Kò gbé ojú kúrò lára ẹ̀wà. "Mo mọ̀, Bùọ̀dá Múfú."

Ẹnu yà mí. "Láti ìgbà wo?"

"Kí Màmá tó kú ló ti sọ fún mi. Ó ní bí o bá fi ẹnu ara rẹ sọ òótọ́, kí n kó ìwé ilé fún ọ lójú gbogbo ẹbí. Bí o kò bá sọ ọ́, kí n má bi ọ́. Lọ́jọ́ kẹjọ yẹn, kí ló dé tí o rò pé mo dárúkọ ilé? Mo ń ṣílẹ̀kùn fún ọ ni. Ẹnu rẹ ni mo ń wò."

Mo jókòó sórí ilẹ̀, èmi àgbàlagbà. Gbogbo ọdún yẹn, gbólóhùn kan péré ni ilé náà ń dúró dè lọ́dọ̀ mi.

Dédé wọ inú yàrá, ó gbé agolo bísíkíìtì ńlá kan jáde. Ìwé ẹ̀rí owó orí ilé ló kún inú rẹ̀, ọdọọdún, kò fo ọ̀kan. Ó ní, "Nítorí Màmá ni mo ṣe ń san án pé. Mo fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ mọ́ ní ọ́fíìsì yẹn." Abẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ìwé ilé wà. Ó nà án sí mi.

N kò gbà á. Ó ti pààrọ̀ òrùlé ilé yìí lẹ́ẹ̀mejì, ó ti tọ́ ọmọ nínú rẹ̀, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀. Mo ní kí ó dì í mú, kí ó sìn mí lọ sí ọ́fíìsì owó orí ní Mọ́ńdè dípò rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó kéré sí ọ ni a bá níbẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, Dédé ń túmọ̀ ibi tí Gàá mi bá ti wọ́. Ọmọ náà kọ́kọ́ rò pé orí mi ń dà rú. Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n ní wọ́n máa wá fáìlì àtijọ́ náà, pé ohun tó bá kàn mí láti san, wọ́n á jẹ́ kí n máa san án díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin náà fún mi ní bébà àti gègé pé kí n kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ kọ ìdí tí màmá náà fi sọ pé ilé òun ni."

Mo mú gègé náà. Dédé fi ọwọ́ tirẹ̀ di bébà náà mú kí ó má baà yẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: Nítorí pé èmi ni mo bẹ̀ ẹ́, ó sì fẹ́ràn mi.

Ọmọ mi, kí Ọlọ́run bù sí ohun tí o ní, kí ó sì jẹ́ kí o lè pè é ní tìrẹ níwájú ẹnikẹ́ni. Wá sílé ní Sọ́ńdè. Òkè la ti máa jẹun, Àǹtí rẹ ti ní òun ló máa se é.

Èmi ni bàbá rẹ,
Múfútáù